Ìṣẹ́jú Ni Kọ́kọ́rọ́ Ń Rà Fún Ni

Ẹni tó kọ́lé kò ní ṣàì bẹ̀rù olè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni àwọn tí owó ilé Èkó ti sú ti ń ya wọ Ìbafò àti Mówè. Ní ti Ifọ̀, ojú irin àtijọ́ àti ọ̀nà Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ fa èrò wá. Ẹni tó bá ṣáájú dé àdúgbò tuntun, àárín igbó ni yóò kọ́lé sí, láìsí iná ọba, láìsí aládùúgbò. Abájọ tó fi jẹ́ pé odi ló kọ́kọ́ ń mọ, gééètì onírin a tẹ̀lé e, irin ojú fèrèsé a sì ṣìkẹta. Àwọn tí owó wọn ká a tún ń fi ẹ̀kẹrin kún un: ìyàrá ìkọ̀kọ̀, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tàbí pẹpẹ ìwé, kí onílé àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí ibi sá sí bí adigunjalè bá wọlé.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀. Èrò tó wà nídìí irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni mo bá jà. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ohun méjì ni yóò bèèrè: àgádágodo wo ló tóbi jù, báwo ni ẹnì kankan kò sì ṣe ní í mọ̀? Ìbéèrè méjèèjì ṣìnà. Èyí tó yẹ kó bèèrè ni pé, ìṣẹ́jú mélòó ni ìlẹ̀kùn yìí yóò fi dá olè dúró, ta ni yóò sì dé kí ìṣẹ́jú náà tó tán?

Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣeé ṣí. Nígbà Ìpàtẹ Ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ A. C. Hobbs kojú kọ́kọ́rọ́ méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn. Ó ṣí ti Chubb láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ti Bramah gbà á ní wákàtí bí 51, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí lónìí kò tan ara wọn jẹ mọ́. Òṣùwọ̀n EN 1627 tí Yúróòpù fi ń díwọ̀n ìlẹ̀kùn kò ṣèlérí pé olè kò ní wọlé; iye ìṣẹ́jú tí ìlẹ̀kùn lè fi kojú irinṣẹ́ ló ń kà. Ìpele kejì jẹ́ ìṣẹ́jú 3, ìkẹta 5, ìkẹrin 10; ìkẹfà tó ga jù lọ kò ju 20 lọ.

Bí a bá ti gbà pé ìṣẹ́jú là ń rà, a ó mọ ibi tó yẹ kí owó wa lọ. Bí àgádágodo bá tó orí ọmọ, tó sì wà lára férémù tí wọ́n kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, agbára rẹ̀ kò ju ti búlọ́ọ̀kù náà lọ. Ṣé olè tó lè ká páànù òrùlé, kó já àjà, kó bọ́ sílẹ̀, ni yóò tún máa bá kọ́kọ́rọ́ jìjàdù? Ìyàrá tí kò ní dẹ́kì lórí kì í ṣe ibi ìsádi.

Ìwakùn, tí àwọn káfíńtà ń pè ní ínjì, ni a ń fojú kéré jù. Bí ìlẹ̀kùn bá ń ṣí síta, ìta náà ni ọ̀pá ínjì rẹ̀ máa ń wà. Bí olè bá fi òòlù lu ọ̀pá náà yọ, àgádágodo ìhà kejì di ọ̀ṣọ́ lásán. Ínjì tí ọ̀pá rẹ̀ kò ṣeé yọ ló yẹ, kí a sì fi eyín irin tí yóò máa wọnú férémù nígbàkúùgbà tí ìlẹ̀kùn bá padé kún un. Bí ìlẹ̀kùn bá tún ru ìwé tàbí aṣọ, ínjì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún ìlẹ̀kùn yàrá lásán yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀ láìpẹ́. Ìlẹ̀kùn yóò máa ha ilẹ̀, ojú ibi tó ń ha yóò sì tú àṣírí tí onílé ń pamọ́. Ohun tó lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni kí a fún ìlẹ̀kùn ní ṣóńṣó kan nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè, kó máa yí lórí wọn. Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí kí ínjì tó dé: wọ́n a gbẹ́ ṣóńṣó sí orí àti ìdí pákó ìlẹ̀kùn, wọn a sì kì í bọ ihò.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, òfin kan ló wà tí kò ṣeé yẹ̀: ẹni tó wà nínú gbọ́dọ̀ lè ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́, nínú òkùnkùn, ìbáà ṣe ọmọ ọdún 7 nìkan ló wà níbẹ̀. Olè nìkan kọ́ ni ọ̀tá onílé. Iná ń jó ilé, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń pa ènìyàn láìpariwo. Ìyàrá tí kò ní ihò afẹ́fẹ́, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ kó tó ṣí, sàréè ni onílé fi owó ara rẹ̀ gbẹ́.

Àṣírí ńkọ́? Wẹ́dà tó jó irin rẹ̀ mọ̀. Káfíńtà tó bò ó mọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ mọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni aládùúgbò tí ì bá wá gba onílé sílẹ̀. Irú àṣírí wo nìyẹn?

Ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jìnnà sí Olúmọ. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ ní 1830, abẹ́ àpáta náà ni wọ́n sá sí. Ibi ìkọ̀kọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan. Wọ́n jọ mọ̀ ọ́n, wọ́n jọ sá sí i, wọ́n sì jọ ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí di òní: ìlẹ̀kùn ọba ni, síbẹ̀ wọ́n gbẹ́ ère sí i lára kí ojú lè rí i. Ènìyàn tó yí ààfin ká ni ààbò ọba.

Wọn yóò dá mi lóhùn pé aládùúgbò gan-an ló ń ta ni fún olè, pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ polongo ìyàrá rẹ̀ ní ọjà Ifọ̀. Ẹni méjì tó ṣeé fọkàn tán ti tó. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ẹ̀ṣọ́ So-Safe. Àmọ̀tẹ́kùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2021. Ẹ̀ṣọ́ wo ló máa rí ilé tí kò ní nọ́ńbà, ní òpópónà tí kò lórúkọ, lójú ọ̀nà tí àgbàrá ti gbẹ́, bí kò bá sí ẹnìkan tó mọ ibẹ̀ tí yóò ṣíwájú rẹ̀? Ẹni tó kọ̀ láti dá owó ọlọ́dẹ àdúgbò, tí kò yọjú sí ìpàdé àwọn onílé rí, tó wá lọ ra ìlẹ̀kùn onírin olówó ńlá, ìṣẹ́jú tí kò ní lò ló rà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyàrá ìkọ̀kọ̀, kó ṣe é, kó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó sanwó kọ́kọ́rọ́ àti ínjì, kó kọ orúkọ ẹni méjì sílẹ̀ tí yóò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 bó bá ké lóru. Bí kò bá rí ẹni méjì náà, a jẹ́ pé kì í ṣe ìlẹ̀kùn ni kò ní.