Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú, ṣùgbọ́n ó lè kan méjèèjì bí a bá dákẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, èbúté ọkọ̀ òkun àti ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tiwọn, èyí tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà wọn nìkan. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà ni, kí ló kan ẹni tí ń wa fọ́kílífù? Èmi sọ pé ó kàn wá gidigidi. Ẹni tí yóò wọ bàtà ni à ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ó jẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti dé ọwọ́ ará ìlú ní Nàìjíríà ni gbogbo wa ti mọ òpó gíga tí ń gbé ohùn wa. Òpó ti gbogbo ayé ni. Bí èrò bá pọ̀ jù níbẹ̀, ìpè kì í wọlé. Ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni àwọn ẹ̀rọ rédíò kéékèèké tí a gbé kọ́ ara ògiri tàbí orí òpó iná. Èkejì ni síìmù tí a fi sínú fóònù tàbí sínú máṣìnì. Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀, tí ó mọ síìmù tó ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, tí ó sì mọ ẹ̀rọ rédíò tí síìmù kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

N kò lòdì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí. Wi-Fi ń lo ìgbì afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìgba ìwé-àṣẹ, ìdí nìyẹn tí aládùúgbò fi lè dí i lọ́wọ́. Bí fọ́kílífù bá sì ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ Wi-Fi kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, ó lè já. Rédíò ọwọ́ tí a ń tẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè gbé àwòrán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní tirẹ̀ ń fà ọ́ lé ẹ̀rọ kejì lọ́wọ́ láìjá. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lóun nìkan ní ìpẹ̀kun ọgbà, láàárín àwọn kọ̀ǹténà onírin, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, Wi-Fi tó dára tó wọn. Kí agbanisíṣẹ́ má ṣe fi owó ra ohun tí kò nílò, kí ó wá sọ fún wa nígbà ìdúnàádúrà pé àpò ti gbẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ lè gbà. Ó lè ra gbogbo rẹ̀ kí ó sì máa darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè gbé e fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kí wọ́n máa bójú tó o, kí òun máa san owó. Ó sì lè pa méjèèjì pọ̀, kí kọ̀ǹpútà ọkàn wà nínú ọgbà, kí ìgbì afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ní Hamburg ní Jámánì, Lufthansa Technik tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe gbìyànjú méjì ní ọdún 2020: ọ̀kan pẹ̀lú Vodafone, èkejì tí òun fúnra rẹ̀ ń darí pẹ̀lú ẹ̀rọ Nokia. Wọn kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà gbọ́, ojú ara wọn ni wọ́n fi wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìjọba Jámánì ya ìgbì afẹ́fẹ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́, láti 3.7 dé 3.8 GHz, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ìbéèrè ní ọdún 2019. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti ọdún 2020 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń lo apá kan 3.5 GHz láìdíje ní gbàǹjo. Ní tiwa, nígbà tí àjọ NCC fi ìgbì 3.5 GHz ṣe gbàǹjo ní oṣù kejìlá ọdún 2021, MTN àti Mafab ló gbà á, mílíọ̀nù 273.6 owó dọ́là Amẹ́ríkà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ọ̀gá wa ni pé: ìwé-àṣẹ ta ni a ó fi ṣiṣẹ́? Bí alágbàtà bá ta ẹ̀rọ tí kò ní ìwé-àṣẹ fún ilé-iṣẹ́, NCC lè tì í pa. Bí iṣẹ́ bá sì dúró, àwa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kí á lọ sílé.

Ìbéèrè kejì ni ti iná. Ẹ̀rọ rédíò tí kò bá ní iná kò sàn ju òkúta lọ. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín òru, wákàtí mélòó ni bátìrì yóò gbé? Ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀? Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́, ṣé ẹni tó tà á nìkan ló lè tún un ṣe, kí á máa dúró dè é láti òkè òkun? Àwọn ẹlẹ́kítíríkì wa wà níbí. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò kọ́ wọn níṣẹ́ náà, kí ọjọ́ kan tó wọlé.

Ìbéèrè kẹta ni ti ọjọ́ ìjàm̀bá. Gbogbo wa mọ 112, nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà tí a kò bá so mọ́ ti ìta lè má gbé ìpè yẹn lọ síbi kankan. Bí kọ̀ǹténà bá já lu ènìyàn, tí ẹnì kejì rẹ̀ gbé fóònù ilé-iṣẹ́ pe 112 tí kò sí ẹni tó dáhùn, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Kí ìpè yẹn máa lọ tààrà, kí wọ́n sì dán an wò lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọkàn. Bí ó ti lè sọ ibi tí a ó ti rí ẹni tó ṣubú, bẹ́ẹ̀ náà ló lè sọ ìṣẹ́jú tí o lò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹni tó dúró ti aṣojú ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹ̀rọ ń rí i pé ọkọ̀ dúró, kò mọ̀ pé òjò ló dá awakọ̀ dúró. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà. Òfin náà ka jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì, ó sì fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ pamọ́ nípa rẹ̀. Kí á mọ ẹni tí ń wo àkọsílẹ̀ náà, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò ní fi òun nìkan já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni mo fi sẹ́yìn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lágbára ni ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ aláìlawakọ̀ ń gbà wọlé. Ní èbúté Rotterdam ní Holland, ibùdó kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2015, tí àwọn tó ń darí kéréènì etí omi kò gun kéréènì mọ́. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí. Èyí kò burú fún ẹni tó ti ń gun àkàbà nínú òjò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó nínú yàrá náà, àwọn mélòó sì ni yàrá náà gbà? Ìgbà tí a ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí a béèrè. Bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ kọ́ tán, ìbéèrè wa ti di ẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé ẹ̀ka wa fọwọ́ sí kò ju mẹ́ta lọ. Kí aṣojú òṣìṣẹ́ méjì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ òru. Kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó sanwó tán, ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù, nígbà tí kọ̀ǹténà bá kún ọgbà, àti nígbà tí kò bá sí iná. Kí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa di àdéhùn tí a fọwọ́ sí, kì í ṣe ìlérí ẹnu.

Ìlérí ẹnu kò ní èdìdì. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ mú ẹlẹgbẹ́ yín dání. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.