Owó Ẹ̀kọ́ Ọmọ Ẹṣin

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde tàn ká ayé, àwa tí a wà ní Kọ́bapẹ́, ní ojú ọ̀nà tí a ń gbà láti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣágámù, bá àwọn ará Ìjẹ̀bú yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwòrán kì í fi hàn, èyí nì ni ẹ̀kọ́ tí ẹṣin ní láti kọ́ kí ó tó lè fara balẹ̀ láàárín ìlù, ìró ìbọn àti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ náà ní owó tirẹ̀, ọ̀rọ̀ owó yìí ni a sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Ẹni tí ó bá ra ọmọ ẹṣin a máa ka owó ẹṣin, a ka owó gàárì àti ìjánu, a sì ka owó aṣọ tí òun yóò wọ̀ gùn ún. Nígbà tí ó bá kan owó olùkọ́, ojú rẹ̀ a fà ro. Yóò wí pé owó náà ti pọ̀ jù, pé ọmọkùnrin kan ní àdúgbò yóò bá òun gùn ún títí yóò fi mọ ìwà hù.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Ẹṣin tí ó bá wọn kílò 300 yóò jẹ nǹkan bí kílò 6 koríko gbígbẹ lójoojúmọ́. Ní 90 ọjọ́, ó di kílò 540. Omi tí yóò mu lóòjọ́ ju lítà 20 lọ nígbà ooru. Ọkà bàbà ń bẹ níbẹ̀, iyọ̀ ń bẹ níbẹ̀, oògùn aràn ń bẹ níbẹ̀, a ó sì máa gé pátákò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ mẹ́jọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ni olówó ẹṣin yóò san, ìbáà jẹ́ pé ẹṣin rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí kò kọ́. Ohun tí olùkọ́ fi lé e kò ju owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bọ́ ẹṣin fún oṣù mẹ́ta láìkọ́ ọ ni ó fi owó ṣòfò.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Eṣinṣin tí a ń pè ní tsetse ń fi àrùn pa ẹṣin nínú igbó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń ra ẹṣin wọn láti òkè ọ̀hún, fi lágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn ju inú igbó lọ. Ẹṣin tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá tí owó gegere sì ti bá a rìn, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí á bà á jẹ́ nítorí owó ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kì í sì í ṣe ti ọjọ́ kan. A ó kọ́ ọ láti tẹ̀lé okùn, láti jẹ́ kí á fọwọ́ kàn án, láti gba gàárì, kí ó tó gba ènìyàn sí ẹ̀yìn. Ìlù náà, láti òkèèrè ni a ó ti máa jẹ́ kí ó gbọ́ ọ, kí á tó mú un súnmọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ìbẹ̀rù ni ó kọ́ ẹṣin. Ìbẹ̀rù sì ṣòro láti yọ kúrò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni da owó sílẹ̀ láìbèèrè. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ará Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Xenophon kọ ìwé lórí ẹṣin. Ó gba olówó ẹṣin nímọ̀ràn pé kí ó fi ọmọ ẹṣin sọ́dọ̀ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ọmọ ẹni sẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì kọ ohun tí ẹṣin yóò mọ̀ kí ó tó padà sílé sínú ìwé. Ẹ̀yin ará wa, ta ni yóò kọ́ wa ní èyí? Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ káfíńtà tàbí télọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, a máa ń ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Kí ni ó dé tí a kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹṣin?

Nítorí náà, kí olówó ẹṣin kọ àdéhùn. Kí ó san owó ní ìdá mẹ́ta, bí ẹ̀kọ́ bá ti ń tẹ̀síwájú. Kí ó máa lọ wo ẹṣin rẹ̀ láìfi ọjọ́ han olùkọ́, kí a má baà máa fi yá onínàwò. Kí òun tìkára rẹ̀ sì kọ́ gígùn. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká a, kí ẹni mẹ́ta pawọ́ pọ̀ gba olùkọ́ kan. Fún ti àìsàn, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Alábàtà, kò jìnnà sí wa. Kí àwọn alákòóso ayẹyẹ pẹ̀lú má ṣe gba ẹṣin tí kò tíì mọ ìlù wọ àárín èrò.

Bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dúró létí ọ̀nà ń wòran, tí ẹṣin aláìlẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun kò gun ẹṣin kankan. Owó ẹ̀kọ́ tí a kò san, òun ni a ó fi ara rẹ̀ san án.