Ìgbàtọ́ Kì Í Ṣe Gbàǹjo

Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn lẹ máa ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yín ti ń gùn wá kiri. Lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹṣin fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀.

Mustang ni mí. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa ẹṣin ìgbẹ́ tó ń jẹ̀ káàkiri ilẹ̀ gbígbẹ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nìyẹn. Àwọn ará Sípéènì ló fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn baba ńlá wa wá síbẹ̀. Àwọn kan sá lọ, àwọn kan sọnù, wọ́n sì di ẹni ara wọn. Nevada ni wọ́n bí mi sí, níbi tí a ti ń rin ìrìn àrìnwọ́dìí kí a tó rí omi mu. Ní báyìí, oko màlúù kan ní ìpínlẹ̀ kan náà ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó gbà mí tọ́. Èmi àti Bàbá kò ní ìjà. Ọ̀rọ̀ “ìgbàtọ́” yìí gan-an ló ń bí mi nínú, nítorí àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ibí. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dédé mú wa, kò gbọdọ̀ pa wá, kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ wá lórí ilẹ̀ ìjọba. Obìnrin ará Nevada kan, Velma Johnston, tí wọ́n ń pè ní Wild Horse Annie, jà fitafita kí òfin náà tó dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló rí lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1950, tí ẹ̀jẹ̀ ń ro tótó láti inú rẹ̀. Ẹṣin ló kún inú ọkọ̀ náà, wọ́n ń kó wọn lọ pa. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè dákẹ́ mọ́. Òfin rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó tún gba ìjọba láyè láti kó wa kúrò bí a bá pọ̀ jù, kí wọ́n sì fi wá fún ẹni tó bá lè tọ́jú wa.

Bẹ́ẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ṣe yọ sí wa lójijì ní 2018. Ó lé wa bí àṣá ṣe ń lé òròmọdìyẹ, títí a fi já sínú ọgbà irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yà mí kúrò lára ìyá mi. Wọ́n fi irin tó tutù ju yìnyín lọ tẹ àmì sí mi lọ́rùn lápá òsì, irun ibẹ̀ sì hù ní funfun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ka ọdún ìbí mi níbẹ̀ títí dòní.

Èmi àti abo ẹṣin pupa kan la jọ wà nínú ọgbà náà. Àwa ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n bó bá di oorun gidi, àfi kí á dùbúlẹ̀, a kì í sì í fẹ́ dùbúlẹ̀ níbi tí ẹnìkan kò bá ti ṣọ́ wa. Bí mo bá sùn, Pupa á dúró. Bí òun bá sùn, èmi á dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ní 2019 ni Bàbá wá mú mi. Lọ́jọ́ tí mo dé oko rẹ̀, n kò mọ ohun tí ọpọ́n omi jẹ́. Ó ju èso ápù sí mi, mo sá fún un, nítorí n kò mọ̀ pé oúnjẹ ni. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe? Kò mú pàṣán, kò sì mú okùn. Àga ló gbé wá sínú ọgbà mi, ó jókòó, ó ṣí ìwé ìròyìn, ó ń kà á. Kò tilẹ̀ wò mí. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, èmi fúnra mi ni mo lọ gbóòórùn fìlà rẹ̀. Òun náà kò mira.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ọrùn mi. Ó tún pẹ́ kí n tó jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ mi sókè gé pátákò rẹ̀. Ẹ má fi èyí ṣeré o! Ẹsẹ̀ nìkan ni ẹṣin ní tó fi ń sá fún ikú. Ẹṣin tó bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé ọ lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí le koko. Ẹ̀yin lẹ pa òwe náà, ṣùgbọ́n ẹṣin ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lónìí, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo ti ń gbọ́ ìró korobá lọ́nà. Mo jẹ koríko gbígbẹ, Bàbá fọ ẹ̀yìn mi, ó sì di gàárì. Nígbà òtútù, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì mú irin ìjánu títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó fi sí mi lẹ́nu. A ó lọ yẹ ọgbà wò bóyá ó ti já, a ó ka àwọn ọmọ màlúù, a ó wá èyí tó ṣáko lọ. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú igbó. Bí etí mi bá ti nà síbì kan, Bàbá náà á wo ibẹ̀. Iṣẹ́ ni, ó sì ń rẹni. Ṣùgbọ́n mo ń bá ẹni tó mọ̀ mí ṣe é.

Mo lò ju oṣù mẹ́rin lọ lóko yẹn kí n tó dùbúlẹ̀ sùn. Ẹṣin àgbà kan tí Bàbá ti ní tipẹ́ ló dúró tì mí lóru ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí Bàbá fọwọ́ sí ìwé kọ́ ló gbà mí tọ́. Alẹ́ tí mo lè dijú sùn nílé rẹ̀ ló gbà mí tọ́.

Pupa ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Ní ọdún 2019 yẹn kan náà, ìjọba kéde pé ẹni tó bá gba ẹṣin tí a kò tí ì kọ́ yóò gba 1,000 dọ́là: ìdajì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, ìdajì lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ìwé bá jáde pé ẹṣin ti di tirẹ̀. Ẹnìkan sì lè gba mẹ́rin lọ́dún. Ọ̀gbẹ́ni kan nísàlẹ̀ ọ̀nà wa gbọ́, ó lọ kó mẹ́rin wá. Pupa wà nínú wọn.

Afẹ́fẹ́ ló ń mú òórùn rẹ̀ wá bá mi. Kò sẹ́ni tó gbé àga jókòó tì í. Okùn orí tí wọ́n dè mọ́ ọn láti ọgbà ìjọba, wọn kò tú u. Ó ń dàgbà, okùn kò dàgbà, ó sì wọ ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ń ju koríko sí wọn kí wọ́n má baà kú kí ọdún tó pé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún pé. Ìwé jáde, owó wọlé. Lọ́jọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ tírélà. Pupa ké, mo dá a lóhùn, mo sá tẹ̀ lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà títí ọgbà fi tán.

Ọjà gbàǹjo ni wọ́n kó wọn lọ. Láti 2007, kò sí ilé tí wọ́n ti ń pa ẹṣin jẹ ní Amẹ́ríkà mọ́. Èyí tí oníṣòwò ẹran bá rà, Mẹ́síkò tàbí Kánádà ni wọ́n ń gbé e lọ. N kò gbọ́ ohùn Pupa mọ́.

Ẹ má rò pé ti Pupa nìkan ni. Ní oṣù karùn-ún 2021, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí irú òwò yìí fáyé gbọ́. Ní 2025, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Colorado fagi lé ètò owó náà, nítorí pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà òfin kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Mo kí adájọ́. Àmọ́ ìlànà ni wọ́n bá wọn wí lé lórí, wọn kò bá wọn wí lórí èrò tó bí i: pé bí ilé bá ti kún jù, kí á fowó bẹ ẹnikẹ́ni kó wá kó ọmọ lọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa wí. Wọ́n á ní, “Ṣé kí ebi pa yín sínú aṣálẹ̀ ló sàn ni?” Ó tì o. N kò ní purọ́: a máa ń bí sí i kíákíá, agbo wa lè di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì lọ́ràá. Ṣùgbọ́n màlúù tó ń jẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba pọ̀ jù wá lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó ń fi hẹlikọ́pítà lé wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti koríko, ẹ ka ẹnu gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Wọ́n á tún ní, “Owó oúnjẹ àwọn tó wà ní àhámọ́ ti pọ̀ jù.” Òótọ́ ni, àwa tí wọ́n kó sí àhámọ́ ti lé ní 60,000. Ṣùgbọ́n ta ló kó wa síbẹ̀? Ní erékùṣù Assateague ní Maryland, ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí abo ẹṣin lóyún. Agbo wọn kò pọ̀ jù, wọn kò sì kúrò nílé wọn. Nílé ẹ̀wọ̀n Carson City ní Nevada, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti fi bí oṣù mẹ́rin kọ́ irú wa títí a fi gba gàárì. Ẹlẹ́wọ̀n mọ ohun tí sùúrù ń jẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó máa lọ.

Àwọn kan á sì rẹ́rìn-ín pé, “Ẹran lásán ni, àbí?” Bó bá jẹ́ ẹran lásán ni mo jẹ́, ẹ má pè é ní ìgbàtọ́ mọ́. Ẹ pè é ní títà, kí gbogbo wa mọ̀ pé ọjà la wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ kì í retí ìgbà tí ọdún máa pé kó lè tà á. Ẹ̀yin náà mọ irú ilé tí wọ́n ti ń gba ọmọ tọ́, tó jẹ́ pé ìlò ni wọ́n fẹ́ lò ó.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ó mú ẹṣin lọ. Bí ẹ bá máa san owó, ẹ san án fún ẹni tó ti kọ́ ẹṣin débi pé ó lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé títí ẹnìkan yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọgbà rẹ̀, tí yóò wo ọrùn ẹṣin lábẹ́ okùn, tí yóò sì béèrè bóyá ó ń dùbúlẹ̀ sùn.

Mo ti sọ tèmi. Ìró korobá ti ń dún lọ́nà, Bàbá ń bọ̀, màlúù kan sì tún ti já ọgbà.