Ọ̀rọ̀ ramen: inú omi ọbẹ̀ ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe inú páálí

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo gbé wá lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ fi olùkọ́ tó wọ ilé ìdáná ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní yunifásítì ní Lomé ló fà á. Ó rí ẹnì kan níbẹ̀ tó ń ta ramen, oúnjẹ àwọn ará Jàpáánì, nínú páálí. Gbogbo ohun tí ilé oúnjẹ máa ń lò ni wọ́n ti wọ̀n, wọ́n sì ti dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ á kàn parí rẹ̀ nílé rẹ. O máa fi WhatsApp béèrè, o máa fi fóònù sanwó, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ránṣẹ́. 9,000 fráǹkì fún abọ́ méjì. Ìyàwó mi tó ń ta iṣu lọ́jà béèrè pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé abọ́ méjì lẹ sọ àbí àpò méjì?” N kò fèsì. Mo ti sanwó.

Nǹkan bí 160 kìlómítà ni Lomé sí wa ní Atakpamé. Ọkọ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí ọlọ́kadà máa fi gbé páálí náà dé ẹnu ọ̀nà mi, yìnyín inú rẹ̀ ti ń di omi, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ṣì tutù. A tú u sórí tábìlì. Omi ọbẹ̀ funfun kan wà nínú ọ̀rá, ó ki bíi wàrà. Ìgò kékeré kan wà tí omi dúdú oníyọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà sójà ni wọ́n fi ṣe é, tare ni wọ́n ń pè é. Okùn ìyẹ̀fun àlìkámà wà níbẹ̀, ẹyin méjì tí wọ́n ti rẹ sínú omi sójà, ewé àlùbọ́sà, ewé inú òkun tó gbẹ bíi bébà, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́rin. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi se omi funfun yẹn. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Alhaji dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì padà sílé.)

Ìwé tó bá a wá sọ pé ogún ìṣẹ́jú ti tó. Òtítọ́ sì ni. Tare ló kọ́kọ́ wọ inú abọ́, omi ọbẹ̀ gbígbóná tẹ̀ lé e. Inú omi mìíràn la ti bọ okùn náà fún ìṣẹ́jú méjì péré, torí tí a bá bọ̀ ọ́ nínú ọbẹ̀, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ á ba ọbẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹran àti ẹyin gorí rẹ̀. Ó dùn, kí n má parọ́. Mo jókòó, mo yọ àyà síta bí ẹni tó ṣe nǹkan ńlá.

Ni ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bá tọ́ ọ wò, ó ní, “Pápá, ṣé Indomie ni?”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò kúkú jìnnà sí òtítọ́. Àwọn ará Ṣáínà ló gbé irú okùn bẹ́ẹ̀ dé Jàpáánì, àwọn ará Jàpáánì sì sọ ọ́ di tiwọn. Lọ́dún 1958, Momofuku Ando, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Taiwan, rí ọgbọ́n pé tí èèyàn bá din okùn náà nínú òróró, ó máa gbẹ, omi gbígbóná nìkan ló sì máa kù kó tó di jíjẹ. Ìyẹn ni baba gbogbo èyí tí a ń já ọ̀rá rẹ̀ láàárọ̀ kí ọmọ tó lọ sílé ìwé. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣe Indomie ní Ọ̀tà, ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ando kò lè fi sínú ọ̀rá kékeré ni wákàtí. Omi funfun tí mo gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ẹnì kan ló ti dúró tì í, bóyá fún wákàtí méjìlá, tó ń jẹ́ kí eegun hó títí ọ̀rá àti mùdùnmúdùn fi dà pọ̀ mọ́ omi. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo ra. Èmi kàn dà á sínú abọ́ ni, mo sì ń yangàn.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí ohun àjèjì kan nínú ọgbọ́n náà. Ohun tó ń mú okùn ramen ní ìfà àti àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbátan káún tí àwọn ìyá wa ń sọ sínú ẹ̀wà. Ẹja tí àwọn ará Jàpáánì ń yan títí á fi gan bí igi kí wọ́n tó fi se omi ọbẹ̀, ìbátan ẹja yíyan tí wọ́n ń kó wá láti Nangbéto ni. Wọ́n ń jẹ́ kí sójà kan, àwa náà ń jẹ́ kí igbá kan kó tó di irú. Kódà Ajinomoto tí àwọn ọmọdé ń rà lọ́wọ́ ìyá onísọ̀, ará Jàpáánì ni. Lọ́dún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda rí ohun tó ń mú ọbẹ̀ ewé òkun dùn, lọ́dún 1909 wọ́n ń tà á lọ́jà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìpìlẹ̀ adùn. 1908 yẹn kan náà ni Julius Maggi gbé kúùbù tirẹ̀ jáde ní Switzerland. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáánì ní Ajinomoto, wọn kò sì torí ẹ̀ pa ìkòkò eegun tì. Àwa ni a ní mágì tí a gbàgbé irú.

Mo wá dán an wò lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, láìsí páálí. Eegun ẹ̀yìn adìyẹ àti ẹsẹ̀ adìyẹ, kílò méjì. Mo bọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo da omi ìfófòó nù, mo fọ̀ wọ́n, mo tún gbé wọn kaná pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà fún wákàtí mẹ́fà. Ẹja yíyan wọ̀ ọ́ ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn. Spaghetti lásán ni mo bọ̀, mo da ṣíbí bicarbonate kan sínú omi rẹ̀ (ẹ lo ìkòkò ńlá, ó máa ń hó dànù). Mo da irú tí mo gún mọ́ omi sójà. Èèyàn márùn-ún jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ kò tó 4,000 fráǹkì, yàtọ̀ sí èédú. Alhaji náà jẹ ẹ́, ó sì bù kún un.

Mo rò pé mo ti borí. Ìyàwó mi kó abọ́, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ní Sátidé lẹ lè jókòó ti eegun fún wákàtí mẹ́fà. Ta ni yóò bá mi jókòó ti iṣu mi?”

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi. Ó ti pẹ́ tí èmi olùkọ́ ti ń bá àwọn ìyá ọmọ kíláàsì mi wí nítorí Indomie àràárọ̀. N kò bi baba kankan léèrè rí. Kì í ṣe adùn ló jẹ́ kí ọ̀rá kékeré yẹn borí ọbẹ̀ ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo tí a fi sídìí iná ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, èmi kò bá ẹni tó ń ta páálí jà. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan tí apá yín bá ká a, kí ẹ lè mọ bí omi ọbẹ̀ tó jiná ṣe ń rí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin baba bọ́ sídìí ìkòkò, kí ẹ sì pe ọmọkùnrin yín mọ́ra. Ìgbà wo la fẹ́ kọ́ wọn, nígbà tí wọ́n bá ti dá nìkan wà nínú yàrá ní Lomé?

Tèmi ti ń fọ ẹsẹ̀ adìyẹ báyìí, ó di imú mú. Ó ní òun fẹ́ kí ẹyin tòun jẹ́ méjì.