Bí Ọwọ́ Bá Ti Kan Kókó, Kí Ẹsẹ̀ Má Ṣe Jáfara

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, aṣọ aláwọ̀ píǹkì a gba Àbíjàn kan nítorí àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yẹ ọmú ara wọn wò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n sábà fi ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Faransé tí ọ̀pọ̀ ìyá wa tó ti Èjìgbò ní Nàìjíríà wá fi ń ná ọjà ní Adjamé àti Treichville kò tó èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní èdè wa.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù. Ẹni tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, kó jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá lẹ́yìn tó bá parí, nítorí ọmú a máa wú ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró níwájú dígí: ṣé awọ ọmú kò jìn wọnú, tàbí kó rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn? Ṣé orí ọmú kò wọlé sínú, ṣé ẹ̀jẹ̀ kò jáde níbẹ̀? Ní balùwẹ̀, nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lára, ẹ gbé ọwọ́ kan lérí, kí ẹ fi ìka mẹ́ta ọwọ́ kejì tẹ ọmú yíká títí dé abíyá. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ló lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, àìdunni yẹn ló sì ń tan èèyàn.

Ní Shanghai, wọ́n ṣe ìwádìí lára obìnrin tó lé ní 266,000. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìyẹ̀wò yìí, wọn ò kọ́ apá kejì. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, iye tí jẹjẹrẹ ọmú pa ní apá méjèèjì kò yàtọ̀. Ọwọ́ nìkan kò gbani. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin bá ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kó ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá á kan kókó lówùúrọ̀, á wẹ̀ tán, á ró ìró rẹ̀, á gba ọjà lọ. Kò ní sọ fún ọkọ, ẹ̀rù ń bà á. Á fi òróró pa á, á mu àgbo, á ní ó di ìgbà tí òun bá relé. Kí ọdún tó yí po, ó ti di egbò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ṣáájú ọdún 2018, ẹni tó bá nílò ìtọ́jú onítànṣán ní láti kọjá sí ilẹ̀ mìíràn. Lónìí, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi orúkọ Alassane Ouattara pè wà ní Cocody níbí. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ló ń jẹ ẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ sin aya yín lọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì ní kí obìnrin náà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ìjọba Kódífuà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé inú ọjà ní èdè tí ọlọ́jà gbọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, a mọ bí ẹ ṣe ń tètè dá owó jọ tí ẹnìkan bá kú sí Àbíjàn, kí òkú má bàa sùn sájò. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó náà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ obìnrin tó bá kan kókó. Owó tó tó gbé òkú relé tó gbé alààyè dé Cocody.