Ẹ Ka Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Yà Á: Àlàyé lórí Fọ́tò Ọkọ̀ Ogun Ojú Omi Jàpáánì

Ọkọ̀ ogun kan wà ní Jàpáánì tí iwájú rẹ̀ kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Kaga ni orúkọ rẹ̀, Kure sì ni ibùdó rẹ̀. Nígbà tó wọṣẹ́ ní 2017, ṣe ni òkè rẹ̀ tó tẹ́jú ń tín-ín-rín bó ṣe ń sún mọ́ iwájú. Láàrin 2022 sí 2024, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, ó di onígun mẹ́rin, kí bàálù F-35B lè ráyè gbéra. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú ṣáájú iṣẹ́ yẹn ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ yà mọ́ láé. Àkọsílẹ̀ ni fọ́tò ọkọ̀ ogun. Ẹwà rẹ̀ wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó tí a kò lè sọ pé ọkọ̀ báyìí ni, tí a kò sì lè sọ bó ṣe rí lásìkò tí wọ́n yà á, iṣẹ́ kò tíì parí.

Nítorí náà, ojú ni a ó kọ́kọ́ kọ́, kámẹ́rà á tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi tí Jàpáánì dá sílẹ̀ ní 1954 máa ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níwájú, wọ́n á sì kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú hiragana, álífábẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọdé wọn kọ́kọ́ ń kọ́. 179 ni ọkọ̀ Maya, 183 ni ti Izumo, 184 ni ti Kaga. Funfun ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀, a sì lè kà á láti ọ̀nà jíjìn. Àwọ̀ eérú lórí àwọ̀ eérú ni ti àwọn ọkọ̀ irú Mogami tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọṣẹ́ ní 2022, kí ó má baà tètè hàn sójú ọ̀tá. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn án dáadáa, ẹ lè má rí i rárá. Ìrísí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ ó wá kà. Ara Mogami dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun, òpó kan ṣoṣo tó kó eríàlì rẹ̀ sínú ló sì dúró lórí rẹ̀. Ilé orí Maya ga fíofío, pátákó rédà onígun mẹ́jọ sì wà lára rẹ̀. Izumo tẹ́jú lókè láti iwájú dé ẹ̀yìn, mítà 248 ni gígùn rẹ̀.

Ọkọ̀ abẹ́ omi ló le jù láti dá mọ̀, torí wọ́n máa ń pa nọ́ńbà àti orúkọ rẹ́ lára rẹ̀ tó bá ti wọṣẹ́. Ìrù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ti irú Oyashio ṣe àgbélébùú. Ti irú Soryu àti Taigei tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bíi lẹ́tà X. Ní Kure, ọgbà kan wà létí omi tí wọ́n ń pè ní Alley Karasukojima, níbi tí ọkọ̀ abẹ́ omi ti ń gúnlẹ̀ sítòsí gan-an. N kò mọ ibi tó dára jù ú lọ fún ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀ wo ìrù wọn.

Èbúté ọkọ̀ ogun Yokosuka ló rọrùn jù fún ẹni tó bá wà ní Tokyo. Verny Park wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè níbẹ̀. Léonce Verny, ẹnjiníà ará Faransé tó darí kíkọ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ láti 1865, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti máa wo ọkọ̀ Jàpáánì àti ti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tún ń gbéra ní Shioiri tó ń yí èbúté náà ká fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Etíkun Kannonzaki ni èmi fẹ́ràn jù, torí níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń rìn, kò so mọ́lẹ̀. Òfin ọ̀nà omi Uraga ní kí ọkọ̀ gba apá ọ̀tún, Kannonzaki sì wà ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà náà. Nítorí náà, èyí tó ń jáde lọ sójú òkun ló ń kọjá nítòsí, èyí tó ń wọlé á gba apá kejì. Wọn kò sì gbọdọ̀ sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan, ẹ ó ráyè yà wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sán, oòrùn á wà lẹ́yìn yín, á sì tan sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.

Lẹ́ǹsì gígùn ni ti etí omi. Lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́, lẹ́ǹsì kúkúrú ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Izumo kò ní wọ inú fọ́tò tán. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń mì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yára, ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá dára. Bí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kámẹ́rà á sọ ọkọ̀ di dúdú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀. Ohun tí owó lẹ́ǹsì kò lè wò sàn ni ooru. Tí oòrùn bá mú, ọkọ̀ tó jìnnà á máa gbọ̀n bí ohun tí a wò láti òdìkejì iná ààrò. Ẹ tètè jí, tàbí kí ẹ sún mọ́ ọn. Àmọ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ta àsíá olítànṣán 16 sí ìdí ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ dúró dè é.

Etí omi tí gbogbo ayé ń rìn ni kí ẹ ti ya ọkọ̀. Ní 2024, fídíò kan tí wọ́n fi dírónù yà lórí Izumo ní Yokosuka hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà, ilé iṣẹ́ ààbò Jàpáánì sì sọ pé ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ òótọ́. Òfin ti ka dírónù léèwọ̀ lórí irú ibùdó ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Irú ìwà yìí ló lè mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí èbúté sílẹ̀ fún ará ìlú, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má yà, ẹ má yà á. Bí ọkọ̀ bá sì ń lọ sí ìrìn àjò gígùn, àwọn ìyàwó àti ọmọ máa ń wá juwọ́ sí i létí omi. Ẹ kọjú lẹ́ǹsì sí ọkọ̀, kí ẹ fi ojú àwọn ẹbí yẹn sílẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá gbà fún yín. Tí ẹ bá délé, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ẹ dúró sí mọ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.