Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Wọ Ilé Wa

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London fi kẹ̀kẹ́ ọmọ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́dọ̀ wa ní Òkìtìpupa. Irú èyí tó ṣeé ká bí agboòrùn ni, tí Owen Maclaren, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú, ronú kàn ní 1965.

Ọmọ oṣù méjì ni wọ́n gbé jókòó sí i. Mo bọ́ síta, mo rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ ti tẹ àyà. Mo ní, “Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kíá!” Ìyá rẹ̀ ní, “Bàbá, ó ń sùn ni.” Irú oorun wo nìyẹn? Ọrùn ìkókó kò tíì dúró. Bí orí bá dojú kọ àyà báyẹn, èémí kì í rọ́nà kọjá dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ rà fún ìkókó, kó wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti ìjókòó di bí oṣù mẹ́fà. Ẹ tẹ bíréèkì wò, ẹ fa bẹ́líìtì wò. Ẹ má fi aṣọ bò ó nínú oòrùn, inú rẹ̀ á gbóná bí ààrò. Táyà kéékèèké kò sì lè rin yanrìn àdúgbò wa, ká má tíì sọ ti ẹrẹ̀. Díẹ̀ ló kù ká ru kẹ̀kẹ́ náà lórí.

Àwọn kan ní kì í ṣe àṣà wa. A gbọ́ èèwọ̀ ọmọ náà níbi ìkọsẹ̀dáyé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó wà ní London tí kò ní ìyá àgbà tó máa bá a pọ̀n ọmọ, kí ni kó ṣe?

A ti ká tiwa sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹ̀yìn ìyá àgbà lọmọ wà báyìí. Mo ní kó má fi ọ̀já bo imú rẹ̀.